Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ríra gílóòbù iná iwájú ọkọ̀

Bí iná iwájú ọkọ̀ bá kú, ìdí gílóòbù tó jó ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó lọ ra òmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ sí: H4, H7, H11, tàbí 9005 àti 9006, tí wọ́n tún ń pè ní HB3 àti HB4. Kí èèyàn kàn dárúkọ ọkọ̀ fún ẹni tó ń tà á kò tó, torí ọkọ̀ kan náà lè gba oríṣi méjì, ó kù sí ibi tí wọ́n ṣe é fún. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò rí, ẹ má fọkàn tán ohun tẹ́ ẹ bá nínú rẹ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ náà. Mo ti rí gílóòbù tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ kó lè wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ tún mọ èyí tó kú gan-an. H4 ní okùn iná (wáyà tín-ín-rín tó ń tàn) méjì nínú gílóòbù kan, ọ̀kan fún dímù, ìyẹn iná tó rẹlẹ̀, ọ̀kan fún fúùlù, ìyẹn iná tó ń lọ jìnnà. Okùn kan ṣoṣo ni H7 àti H11 ní, nítorí náà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní gílóòbù dímù lọ́tọ̀, fúùlù lọ́tọ̀, nọ́ńbà wọn sì lè má bára mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń náwó dànù ni wíwá ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù ló ń darí ìmọ́lẹ̀, ojú ibi tí okùn iná wà gan-an ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n sí. Tí orísun iná náà bá kúrò lójú ibẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni yóò sì lọ bá. Ohun tí ọ̀pọ̀ LED, ìyẹn gílóòbù tí kò ní okùn iná, tí wọ́n ń kì bọ ilé iná tí wọ́n ṣe fún halogen, ìyẹn gílóòbù olókùn iná tá à ń sọ bọ̀, ń ṣe nìyẹn. Iwájú ọkọ̀ á mọ́lẹ̀ yòò, inú awakọ̀ á dùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò fọwọ́ sí i. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gba díẹ̀ láàyè ní 2020, ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ nìkan ló sì wà fún.

Wáàtì ńkọ́? 55 ni ọ̀pọ̀ dímù halogen ń lò, ìyẹn bí amp 4.6 (bí iná tó ń gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó) lórí volt 12. Ẹ fi 100 síbẹ̀, ó ti lé ní amp 8 nínú wáyà tí kò retí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é. Ike tí wọ́n fi kì í lẹ́yìn ló yọ́. Ọkọ̀ ẹrù tó ń lo volt 24 ní gílóòbù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n kun ní búlúù, oge lásán ni, àwọ̀ yẹn ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni.

Tí iná bá kàn ń ṣe bàìbàì, mi ò kì í sáré ra nǹkan kan. Gíláàsì iwájú ilé iná tó ti pọ́n lè fà á, ìpẹtà lójú wáyà náà lè fà á: tí volt bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ á dín tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ wọn volt rẹ̀ nídìí gílóòbù nígbà tí iná ń tàn.

Xenon, ìyẹn gílóòbù tó ń fi gáàsì tàn dípò okùn iná, ni mi ò kì í fọwọ́ ara mi kàn. Volt tó fi ń tanná lé ní 20,000. Ẹ ṣáà mọ̀ pé D2S àti D2R, oríṣi gílóòbù xenon méjì, kì í ṣe ohun kan náà: ilé iná tó ní awò (lẹ́ǹsì) ni ti S, ti R sì wà fún èyí tó ní àwo dídán.

Méjèèjì ni mo máa ń pààrọ̀ pa pọ̀, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìkejì kì í sì í pẹ́ kú. Ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì halogen. Òróró ọwọ́ máa ń mú kí ojú ibẹ̀ gbóná ju ibòmíràn lọ, gílóòbù á sì tètè bàjẹ́. Tọ́wọ́ bá ti kàn án, ẹ fi sípíríìtì nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ síwájú ògiri, kẹ́ ẹ tan dímù. Tí ìmọ́lẹ̀ apá kan bá ga ju ìkejì lọ, ó lè jẹ́ pé gílóòbù náà kò jókòó dáadáa. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún un fi.