Ọpọlọ eṣinṣin tó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ike tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wà ni, àwọn eṣinṣin tíntìntín yẹn sì tú jáde. Mo fọwọ́ gbá wọn, n ò ba ìkankan. Ọpọlọ tí kò fẹ̀ tó mìlímítà kan ló ń darí gbogbo eré yẹn!

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ FlyWire, tí Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ṣíwájú wọn, gbé àwòrán ọpọlọ irú eṣinṣin yìí jáde tán pátá: sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ 139,255, pẹ̀lú ojú ìsopọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 50 láàárín wọn. Ọpọlọ abo kan ṣoṣo ni wọ́n rẹ́ sí ẹ̀là bíi 7,000, wọ́n ya àwòrán ẹ̀là kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sì tò wọ́n pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ̀là kan bá ya tàbí tó yẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà lè gé okùn sẹ́ẹ̀lì kan sí méjì, tàbí kó lẹ sẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó tún un ṣe. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é ni, á gbà á tó ọdún 33.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti adùn. Wọ́n fi àwòrán náà ṣe àwòṣe ọpọlọ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ta sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ ṣúgà jí nínú rẹ̀, àwòṣe náà sì tọ́ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí eṣinṣin na ẹnu. Wọ́n dán an wò lára eṣinṣin gidi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá a mu.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ ti rí i rí bó ṣe ń na ẹnu sí èso?