Ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn ilé wa

Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú nígbà tí a kó dé ilé wa tuntun lójú ọ̀nà Ìkìrun, ní Òṣogbo níbí. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ọgbà wa tó wọ inú oko lọ, ojoojúmọ́ ni mo sì ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóṣù kẹta, tí òórùn erùpẹ̀ gba gbogbo ilé, mo fa ọmọ mi obìnrin lọ́wọ́, a gba ọ̀nà náà lọ.

Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ibì kan, àkókò yìí gan-an ni kí ẹ rìn ín. Wọ́n ti sun igbó, koríko ò tíì gbérí, ojú ń ríran jìnnà. Ẹ ó rí ibi tí ilẹ̀ ti ga, ibi tó ti rẹlẹ̀, àti ibi tí àgbàrá máa ń gbà. Tó bá fi di oṣù kẹfà, ewéko á ti bo gbogbo rẹ̀. Lórí ọ̀pẹ kan, àwọn ẹ̀gà ń kọ́ ilé. Ọ̀kan fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó ń wọ́ tẹ̀ lé e bí okùn bó ṣe ń fò. Ọmọ mi dúró wò ó títí ó fi hun ún tán mọ́ ìtẹ́ rẹ̀.

Òun náà ló kọ́kọ́ rí àgbálùmọ̀ nílẹ̀. Mẹ́ta ni, wọ́n pọ́n dáadáa. Ó ti ṣà wọ́n tán kí n tó gbójú sókè. Ohùn kan dún láàárín ebè: "Ọmọ mi, ṣé o ò rí ohun tó wà lára igi yẹn ni?"

Mo wò ó. Ìkarahun ìgbín kan, ìṣùkù àgbàdo kan, akísà pupa kan, wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀ka, wọ́n ń fì jẹ́jẹ́. Àálè ni, àmì pé igi náà ní olówó, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo mọ orúkọ àálè, ṣùgbọ́n n kò rí i lára igi rí. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má bínú, ojú mi ò tó o ni."

Bàbá ò bínú nítorí àgbálùmọ̀. Ohun tó dùn ún ni pé a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, a ò kí òun. Ó ní, "Ẹni tó bá kí mi, mi ò ní fi àgbálùmọ̀ dù ú."

Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín lára: kò sí ọ̀nà oko tí kò ní ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ dúró, ẹ ní "Àrokò bọ́dún dé o!" kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá fún un. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bàbá yẹn fi ohun tí n kò lè fúnra mi rí hàn mí: ibi tí wọ́n dẹ pàkúté ọ̀yà sí, odò kékeré tó máa ń kún bo afárá pákó, àti ibi tí wọ́n ti fi màríwò dí ojú ọ̀nà. Ti màríwò yẹn, àmì èèwọ̀ ni, kò gba àròyé. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ṣẹ́rí padà.

Wèrèpè náà wà ńbẹ̀. Níparí ẹ̀ẹ̀rùn, èso rẹ̀ ti gbẹ, irun ara rẹ̀ sì ń bá atẹ́gùn rìn. Mo fara kàn án nígbà kan, mo ń họ ara kíkankíkan. Ìyàwó bàbá ló bu eérú fi ra mí lápá, ó ní kí n má họ ọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, aṣọ alápá gígùn àti bàtà òjò ni mo ń wọ̀. N kì í dá lọ, mo sì máa ń sọ ibi tí mo ń lọ fún aládùúgbò mi.

Bí kò bá sí oko nítòsí yín, Igbó Ọ̀ṣun wà. Hẹ́kítà 75 ni. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi. Ìdí nìyẹn tí òjìji fi tutù tó bẹ́ẹ̀. Àdùnní Olóríṣà, Susanne Wenger, tó wá láti Austria, jà fún igbó náà títí tó fi kú ní 2009. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ọ̀pọ̀ èrò ọdún Ọ̀ṣun ti oṣù kẹjọ tó dé. Ẹ má mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò bẹ̀rù èèyàn. Ó dùn mí pé omi odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó náà kọjá ti pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mu ún.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ àgbálùmọ̀ yẹn, a padà sí oko bàbá. Ọmọ mi ti ń pariwo láti òkèèrè: "Àrokò bọ́dún dé o!" Bàbá na ẹ̀yìn, ó ní "Àṣẹ," ó rìn lọ sídìí igi, ó ṣa márùn-ún, ó kó o lé e lọ́wọ́.