Òwú pupa lára ògiri pálọ̀: àyẹ̀wò ọdún mi

Bí ẹ bá bi mí ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí, ògiri pálọ̀ mi ni màá kọ́kọ́ fi hàn yín. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń kan ìṣó síbẹ̀, tí mo ń ta òwú pupa láti ìṣó dé ìṣó, títí ayé Ọdẹwálé, ọba inú eré orí ìtàgé The Gods Are Not to Blame tí Ọlá Rótìmí kọ, fi tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Ibi tí nǹkan bá ti ṣẹnuure fún un, ìṣó á ga. Ibi tí kò bá ti rọgbọ, á wálẹ̀.

Mo ti rò pé ọjọ́ tí wọ́n fi í jọba ní Kútùjẹ́ ni yóò ga jù. Àlejò tó kó ìlú yọ lọ́wọ́ àwọn ará Ìkòlú, tí wọ́n sì fi Òjúọlá, opó ọba, fún ṣaya! Àmọ́ nígbà tí mo tún eré náà kà, mo rí i pé ọjọ́ tí Aláàká dé ni. Ó ní Ògúndélé, ọdẹ tí Ọdẹwálé mọ̀ sí bàbá, ti kú. Inú ọba dùn, torí Ifá ti ní yóò pa bàbá rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti yẹ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi gbọ́ pé Ògúndélé kọ́ ló bí òun, pé òun ti pa bàbá tó bí òun, òun sì ti fi Òjúọlá, ìyá òun, ṣaya, tó fi yọ ojú ara rẹ̀ méjèèjì. Ìka mẹ́rin péré ló wà láàárín ìṣó méjèèjì. Òwú náà já wálẹ̀ bí okùn kànga. Ibẹ̀ ni gbogbo àlejò máa ń fọwọ́ kàn.

Ìṣó tó fún mi níṣẹ́ jù ni ti oríta mẹ́ta lẹ́bàá Ẹdẹ, níbi tó ti pa Adétùsà, ọba Kútùjẹ́ tó jẹ́ bàbá tó bí i, láìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni símẹ́ǹtì ibẹ̀ ya lulẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe iṣu tí Adétùsà àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá wà lóko rẹ̀ ló bí i nínú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bí i nínú ni pé Adétùsà pe ẹ̀yà rẹ̀ ní ará oko. 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré náà ní Ifẹ̀, ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran ìgbà náà yóò ti mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀.

Irú ìbínú yẹn ni tèmi lóṣù karùn-ún. Àbúrò mi sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyàwó mi lórí fóònù, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kó tẹnu ẹ̀gbọ́n jáde. Oṣù mẹ́rin la ò fi kí ara wa. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lóṣù kẹjọ, òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ pè, ẹnu ò gbà mí. (Mo ti ríṣẹ́ mìíràn báyìí, mo dúpẹ́.) Alẹ́ ọjọ́ tí ìṣó oríta mẹ́ta dúró ni mo pè é. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀bẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

Ó wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wa. Ó tẹ̀ lé òwú náà láti ẹnu ọ̀nà, ó dúró. “Òjúọlá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, àwa méjèèjì lọ sí ọjà Dùgbẹ̀, a ra òwú aláró. Ìṣó ṣì wà nínú páálí. Ní oṣù kìíní, ti Òjúọlá la ó máa kàn.