Nílé A Dáwó, Lájò A Buwọ́ Lùwé

Kí n tó kúrò ní Nàìjíríà, mo rò pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń jà fún ìtọ́jú aláìsàn. A ó pe ìpàdé ẹgbẹ́ onílé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, akápò á ṣí ìwé rẹ̀, á máa pe orúkọ lójúlé lójúlé. Ẹni tó bá san, wọ́n á fi bírò pupa sàmì sí i. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á ní kó dìde kó rojọ́. Owó jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa la ń dá nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló wá sọ fún wa pé fóònù tó ń tanná lòun fi eyín di mú tí òun fi gbẹ̀bí fún aláboyún lóru. A ò bi ara wa léèrè ta ló yẹ kó ra jẹnẹrétọ̀. A rà á. Nígbà tó yá, epo di tiwa, àtúnṣe di tiwa, owó ọdẹ náà di tiwa.

Kì í ṣe pé òfin kò sí o. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya owó sọ́tọ̀ fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò rẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́ọ̀dù ní ìgbìmọ̀ ará àdúgbò tí yóò máa bójú tó o. Ọdún 11 ni mo fi gbé ibẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí. Káńsílọ̀ nìkan la lọ rí. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Ọdún kejì tí mo dé Ìlú Ọba, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn GP wa, ìyẹn dókítà àdúgbò, pé wọ́n fẹ́ tì í. Bọ́ọ̀sì méjì la ó wọ̀ dé èkejì. Mo ti ń ṣírò iye tí ojúlé kọ̀ọ̀kan máa dá nígbà tí ìyá àgbà òyìnbó kan kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé. Òjò ń rọ̀, ó ti fi ọ̀rá bo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, èló la ń dá? Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ìbuwọ́lù ló ń wá.

Káńsù ibẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń pe àwọn aláṣẹ ìlera wá wí tẹnu wọn, aráàlú sì lè wọlé jókòó. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún un. Kò sunkún, kò kúnlẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá. Ó kàn ka àkókò bọ́ọ̀sì síta, àlọ àti àbọ̀, ó ní ẹni tí dókítà bá dá aago mẹ́jọ ààbọ̀ fún kò lè bá a láéláé. Ó jókòó. Ẹ̀rù ló bà mí fún un, bí ẹni pé wọ́n máa lé e síta.

Ẹni tó jókòó tì mí ń sọ̀rọ̀ Lewisham, ní London, níbi tí aráàlú ti pe mínísítà ìlera lẹ́jọ́ lọ́dún 2013 torí pé ó fẹ́ dín ẹ̀ka pàjáwìrì àti ti ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn wọn kù. Ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre lóṣù keje, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà dá wọn láre lóṣù kẹwàá.

Àmọ́ sùúrù wọn pọ̀ jù fún mi. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìwé fi ń bí ìwé, kí wọ́n tó gbà kí ilé ìwòsàn wa máa ṣí lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tiwa, ọjọ́ Àìkú la pinnu, Ọjọ́bọ̀ ló dé.

Lóṣù tó kọjá, akápò pè mí láti Nàìjíríà pé jẹnẹrétọ̀ náà ti kú pátápátá, wọ́n tún ti ń dáwó. Mo fi tèmi ránṣẹ́. Mo wá ní kó bá mi wádìí àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù àti ọjọ́ tí wọ́n ń jókòó. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ìgbìmọ̀ wo?"