Òròǹbó wẹ́wẹ́ ìyá mi àti èèpo ọta tó há

Houston ní Texas ni mo ń gbé. Bí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín bá ti ń sún mọ́lé, inú gáràjì lẹ máa bá mi, níbi tí mo ti ń tún ọta ìbọn .308 dì: ẹ̀tù tuntun, práímà tuntun (ìṣáná kékeré ìdí ọta tó ń tanná ran ẹ̀tù), èèpo idẹ àtijọ́. Èmi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀tù níbí. Ìwé ìlànà tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ jáde ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Idẹ àti dáì ló fojú mi rí màbo.

Dáì ni irin oníhò tí à ń ti èèpo bọ̀ kó lè padà sí ìwọ̀n rẹ̀, torí ìbúgbàù ẹ̀tù ti mú kó fẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo ń kánjú, mo fi òróró pa èèpo mẹ́wàá kí wọ́n lè yọ̀ nínú dáì, mo gbàgbé ìkọkànlá. Bí mo ṣe fa ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń ti èèpo bọ dáì, etí ìdí èèpo ya, èèpo sì há sínú dáì gbọingbọin. Àfìgbà tí mo lu ihò sí ìdí rẹ̀, tí mo de bóòtù mọ́ ọn, ló tó gbà láti jáde. Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ má sì tìtorí èyí da òróró bò ó o: bó bá pọ̀ jù ní èjìká èèpo, kò ríbi gbà, á tẹ idẹ wọnú bí agolo tí wọ́n gbá.

Nígbà tó yá, gbogbo èèpo tó ń jáde wá ń ní ilà kan náà, bí ọmọ ilé kan tó kọlà. Iyanrìn pápá ìyìnbọn ló ti wọnú dáì. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fọ èèpo kó tó kan dáì rárá, mo sì ń tú dáì palẹ̀ nù ún. Ọ̀rinrin Houston ò yàtọ̀ sí ti Èkó, nítorí náà mo máa ń fi òróró díẹ̀ pa inú rẹ̀ kó má dógùn-ún, mo sì ń nù ún kúrò kí n tó tún lò ó.

Àṣìṣe tó burú jù ni oògùn ìdányán idẹ tí mo rà. Ó dán bí wúrà! Àgbàlagbà kan ní pápá gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Àmóníà nìyí, kó wọn dànù." Àmóníà máa ń mú idẹ là. Láyé tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, ọta àwọn sójà wọn ń là fúnra rẹ̀ lásìkò òjò; ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àmóníà láti inú ìtọ̀ ẹṣin ni, torí ilé ẹṣin ni wọ́n ń kó ọta pamọ́ sí.

Mo pe ìyá mi ní Iléṣà. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe òròǹbó wẹ́wẹ́?" Òun náà ni wọ́n fi ń fọ àwo idẹ wọn. Òótọ́ ni: ìyẹ̀fun kíkan inú òròǹbó, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tó. Bó bá pẹ́ jù, idẹ á pọ́n, torí kíkan ti jẹ sínkì inú rẹ̀. Mo máa ń ṣàn án dáadáa, kí n sá a sóòrùn. N kì í tì í bọ ààrò gbígbóná. Ta ló fẹ́ gbé idẹ tí iná ti rọ̀ nídìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú?

Lẹ́yìn náà ni màá fi ṣóńṣó wáyà títẹ̀ họ inú ìdí rẹ̀. Bó bá ti kọ́ lójú kòtò kékeré kan, mo ti mọ̀ pé èèpo yẹn fẹ́ já sí méjì, màá fi òòlù tẹ̀ ẹ́ pa.

Ìyàwó mi ti kọ "ỌTA" gàdàgbà sára ike tí mo fi ń fọ̀ ọ́. Òjé wà nínú èérí práímà, ike yẹn ò gbọdọ̀ dé ilé ìdáná.