Àpótí Sípíkà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kàn
Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ni ìwọ̀n inú àpótí, nítorí pé èyí tí ìta rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní fífẹ̀, 40 ní jíjìn àti 60 ní gíga, tí mo rò pé yóò gba lítà 96, kò gbà tó 75 nígbà tí pákó rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 18. Plywood ni mo lò, torí MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, máa ń wú bí omi bá kàn án. Èyí tó le jù ni dídí ojú ìsopọ̀: bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ jáde níbẹ̀, béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń dún kíkankíkan, á rọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi gọ́ọ̀mù kun gbogbo igun inú rẹ̀.