Àwo Ìbàdàn, Owó Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù January, ìyàwó mi gbé bébà mẹ́rin kalẹ̀ síwájú mi lórí tábìlì ìjẹun. Àkọsílẹ̀ báǹkì mi ni, ti ọdún tó kọjá látòkè délẹ̀. Ó ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n kọ Discogs sí, ìyẹn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń ra àwo. "Bàbá Ìbejì," ó ní, "inú ò bí mi o. Ẹ ṣáà bá mi ro ó pọ̀."

Obìnrin tó bá ti sọ pé inú ò bí òun, kí ọkọ rẹ̀ yáa jókòó. Mo jókòó. Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ní ilé kan tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Oorun ti kún ojú mi, ṣùgbọ́n mo fa fóònù yọ, mo ṣí ibi ìṣirò.

Àwo tí à ń wí yìí kì í ṣe àwo ìjẹun. Àwo orin ni, rẹ́kọ́ọ̀dù dúdú ńlá tó ní ihò láàárín, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní vinyl. Èmi ò bá ọ̀rọ̀ vinyl dàgbà. Rẹ́kọ́ọ̀dù la mọ̀, ẹ̀rọ tí a sì fi ń gbọ́ ọ, ṣéńjà là ń pè é nílé wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn.

Bàbá mi ní rẹ́kọ́ọ̀dù tó ọgọ́ta nínú àpótí pákó kan. Haruna Ishola ló pọ̀ jù, Yusuf Olatunji tẹ̀ lé e. Obey àti Sunny wà níbẹ̀ fún ọjọ́ tí àlejò bá wá. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, àpótí náà kúrò ní pálọ̀, ó di èrò yàrá ẹ̀yìn. Òrùlé yàrá náà ń jò. Aáyán jẹ páálí wọn. Àwa ọmọdé ń fi wọ́n ju ara wa lágbàlá. Ìyá àgbà fi ọ̀kan dé àmù omi, ó ní ihò àárín rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó dáa tó. Nígbà tí mo fi máa wọ bàálù lọ́dún 2009, méjì péré ló kù, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ti là.

Mi ò ronú kàn wọ́n mọ́, àfi ní Sátidé kan lọ́dún 2016 tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù charity kan ní Peckham láti wá kóòtù òtútù fáwọn ìbejì. Láàárín àwọn àwo Jim Reeves, mo rí Ebenezer Obey kan, òǹtẹ̀ Decca, páálí rẹ̀ ò ya. £2. Mi ò tíì ní ẹ̀rọ tí màá fi gbọ́ ọ, mo rà á. Pọ́n-ùn méjì yẹn ló mú mi wọ gbèsè. Ó jẹ́ kí n rò pé bí gbogbo wọn ṣe máa rí nìyẹn, pé mo lè fi owó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kó àpótí bàbá mi padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì. Àwo 38 ni mo rà lọ́dún náà. Owó àwọn àwo fúnra wọn jẹ́ £864. Tí ẹ bá pín in, ó fi díẹ̀ dín sí £23 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo ní ẹni tó ń mu páálí sìgá kan lóòjọ́ nílùú yìí ń ná ju £4,000 lọ lọ́dún. Ó wò mí. "Sìgá wo lẹ ń mu tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ wá fi àwo rọ́pò?"

Mi ò ní èsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ síwájú nínú ìṣirò ni mo tó rí i pé kì í ṣe £864 yẹn gan-an ló ń mu ẹ̀jẹ̀ mi. Owó ìfiránṣẹ́ nìkan jẹ́ £173. Àwo kò wúwo, ṣùgbọ́n páálí tí wọ́n ń dì í sí fẹ̀ débi pé kò lè gba ojú ihò lẹ́tà wọlé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi, ìgbà tí agbélẹ́tà bá dé ló máa ń wọra nínú oorun. Á fi káàdì sílẹ̀, èmi á wá wọ bọ́ọ̀sì lọ gba ẹrù mi. Mi ò ka owó bọ́ọ̀sì yẹn mọ́ ọn. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹnubodè. Mo ra mẹ́ta pa pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ní Amẹ́ríkà, £150, owó ìfiránṣẹ́ £32. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2021 ni pé bí iye ọjà tó ń bọ̀ láti òkèèrè bá ti kọjá £135, ìgbà tó bá wọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n máa gba VAT lórí rẹ̀, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn á sì ka owó ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn. Ìdá 20 lórí £182 jẹ́ £36.40. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá ní àwọn ti bá mi san án ná, kí n fún àwọn ní £12 fún wàhálà àwọn. £48.40 lórí ohun tí mo ti sanwó rẹ̀ tán! Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo rà wọ́n, orí ìkànnì níbi tí mo ti sanwó ni wọn ì bá ti yọ VAT wọn, £12 yẹn ì bá sì wà lápò mi. Ọgbọ́n àrà-pọ̀-kó-lè-dínwó ni mo dá, ọgbọ́n náà ló gbówó mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́. Góńgó abẹ́rẹ́ tó ń rìn lójú àwo, dáyámọ́ńdì ni, síbẹ̀ ó ń gbó. £85 ni mo fi pààrọ̀ tèmi. Ìwúwo tí abẹ́rẹ́ òde òní máa ń gbé lé ojú àwo kò sábà ju bíi gíráàmù méjì lọ. Nígbà tí mo ka èyí nínú ìwé tó bá a wá, mo rántí bàbá mi, mo sì pa rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo kẹ́dùn. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá ti ń fò nílé wa, bàbá mi á mú owó kọ́bọ̀ kan, á gbé e lé orí apá ṣéńjà. Kíá, kò ní fò mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é. A ò mọ̀ pé ńṣe ni kọ́bọ̀ ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, tí abẹ́rẹ́ sì ń gbẹ́ ojú àwo bí ọkọ́ ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Ṣéńjà náà tún burú lọ́tọ̀: àwo márùn-ún mẹ́fà á tò lórí irin rẹ̀, bí ọ̀kan bá parí, òmíràn á já lù ú, eruku ọyẹ́ á wà láàárín wọn, wọn á máa ha ara wọn lára. Ẹ wá fi bíà tó ń dà sílẹ̀ lóde ìnáwó kún un.

Ìdí nìyẹn tí àwo ilẹ̀ wa tó mọ́ fi ṣọ̀wọ́n báyìí. Lórí Discogs, olúkúlùkù àwo ló ní ipò tí wọ́n tò ó sí. Mint ni èyí tí ọwọ́ ò tíì kàn, Near Mint tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà VG+ (Very Good Plus), lẹ́yìn náà VG (Very Good), kó tó wá kan Good. Ẹ má jẹ́ kí Good yẹn tàn yín jẹ. Lẹ́nu àwọn tó ń ta àwo, Good ni èyí tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń din àkàrà. Ẹnìkan ta àpàlà kan fún mi ní £38, ó pè é ní VG+. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, mo gbọ́ àkàrà, mo gbọ́ epo, ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún ni mo tó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàròyé, ó dá £15 padà fún mi. Ìyàwó mi ò fàlà sábẹ́ ìyẹn.

Ìyókù, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ike tí a fi ń bo páálí àti bébà funfun inú rẹ̀ jẹ́ £46. Ọpọ́n kékeré tí a fi ń fọ àwo jẹ́ £59. Pẹpẹ Kallax tí gbogbo ẹni tó ń kó àwo jọ máa ń rà ní IKEA, nítorí pé ojúlé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ ju páálí àwo lọ, jẹ́ £75. Èèyàn ò gbọdọ̀ to àwo lé ara wọn, òòró ló ń dúró bí ìwé, kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná kó má baà wọ́. Ní fúláàtì wa, ibì kan ṣoṣo ni kò súnmọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni àpótí aṣọ ìyàwó mi wà tẹ́lẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ £1,350. £486 nínú rẹ̀ kò mú orin kankan wọlé.

Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí àwọn àwo yìí fi gbówó lórí tó báyìí, nígbà tí a ń sọ wọ́n nù nílé. Ìbéèrè gidi ni. Apá kan rẹ̀ ni pé gbogbo ayé ti padà sórí àwo. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2022 ni iye àwo tí wọ́n tà ju iye CD lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987. Apá kejì ni àwọn DJ. Láti Jámánì títí dé Japan, wọ́n ń wá orin Nàìjíríà ìgbà 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1980, ṣùgbọ́n èyí tí ẹsẹ̀ òyìnbó lè jó sí ni wọ́n ń wá: fọ́ńkì, dísíkò, àwọn onígìtá tó ń ké. Ẹ wo William Onyeabor, ará Enugu, tó ṣe àwo láàárín 1977 sí 1985. Ìwọ̀nba àwọn tó ń tọpa àwo ló mọ̀ ọ́n nílùú òyìnbó, títí Luaka Bop, ilé-iṣẹ́ orin kan ní Amẹ́ríkà, fi kó orin rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Báyìí, àwọn tí wọ́n tẹ̀ nígbà ayé ìgbà náà ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn.

Orí bá mi ṣe é, wọn ò tíì ń jó sákárà. Àpàlà àti sákárà ṣì wà ní ìwọ̀n ohun tí òṣìṣẹ́ òru lè rà. Oroki Social Club tí Haruna Ishola ṣe fún Decca lọ́dún 1971, ẹ óò rí i rà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ní in láyé ọjọ́un. Èyí tó mọ́ ni ẹ ò ní tètè rí, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé yẹn, kọ́bọ̀ wà lórí apá ṣéńjà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń fi àtúntẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ojúlówó nìkan ni kí èèyàn rà. Èmi ò sí nínú ìyẹn. Àtúntẹ̀ ni mo ra ti Fela, ó mọ́, ó ń dún kedere, mo sì fi owó tó ṣẹ́kù ra bàtà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba sákárà ni wọ́n ń tún tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti ra èyí tó ti gbó.

Mo sì tún sọ fún ìyàwó mi pé kó má wò mí bíi wèrè, kó wá wo àwọn wèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Jàmáíkà ní Brixton, ti fi £200 ra àwo kékeré kan ṣoṣo tí orin méjì péré wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2009, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, wọ́n ta àwo kékeré kan tí Frank Wilson kọ fún ilé-iṣẹ́ orin Motown ti Amẹ́ríkà ní 1965 ní £25,742. Orin náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ti ba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ọjà, ìyẹn ló sọ èyí tó kù di wúrà. Ìyàwó mi ní, "Ẹni yẹn ò bí ìbejì."

Ó wá ṣòfin. £50 lóṣù, owó ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀, VAT wà nínú rẹ̀. Bí àwo kan bá wọlé, kí àwo kan jáde. Mo gbà. Ti pé kí òmíràn jáde yẹn ló le, nítorí ọwọ́ ta ni màá ta Yusuf Olatunji sí?

Òun ló sì fa èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Àwọn àwo tí Yusuf Olatunji ṣe fún Philips, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi kíláàsì ọmọ iléèwé, bàbá mi sì máa ń sọ pé ọ̀kan wà tí òun yá ẹnìkan tí kò dá a padà. Ó ti sọ ọ́ tó ìgbà tí mo fi mọ nọ́ńbà náà lórí. Ní February, mo rí i. £46, ìfiránṣẹ́ £9. Owó oṣù náà ti lọ, àti díẹ̀ nínú ti March.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe bàbá mi lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ohùn, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Gòjé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá ò sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, mo tiẹ̀ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Ojú kejì lo fi síbẹ̀ yẹn," ó ní. "Yí i padà."

Mo yí i padà. Ó bá a kọ ọ́ títí dé ìdajì, kò ṣì ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé ó máa béèrè.

"Èló lo rà á?"

Ìyàwó mi gbójú sókè láti ibi tó ti ń bó iṣu.

"Pọ́n-ùn méjì ni, Bàbá."

Ó dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń fi owó náírà ṣírò rẹ̀.

"Pọ́n-ùn méjì! Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹlòmíì ti lò gbó? Ọmọ yìí, wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Ìyàwó mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jáde lọ rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.